Ọdún Odò Tí Mo Ru Omi Láìfọhùn

Òórùn méjì ló máa ń jí mi ní òwúrọ̀ ọdún odò nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹdẹ: òórùn koríko tó ń rà létí dáàmù àti òórùn epo àkàrà. Wọ́n máa ń gba ojú fèrèsé wọlé pọ̀ ni. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń din àkàrà lẹ́yìn òjò, ọkàn mi á kọ́kọ́ lọ sí etí omi kó tó lọ sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ rántí pé ọjọ́ yẹn nìkan ni ìyá ẹnikẹ́ni kì í fi omi wọ́n ọmọ lójú kó tó dìde lórí ẹní.

Kí ìjọba tó sé odò náà, ibi tí àwọn àgbà ti ń bọ ọ́ wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti bò mọ́lẹ̀ báyìí. Nígbà tí dáàmù kún, omi gun òkè, ó di adágún ńlá, ọdún náà sì gun òkè tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, máa ń sọ pé àwọn kọ́ ni wọ́n ṣí ojúbọ nípò, pé odò fúnra rẹ̀ ló rìn wá bá wọn. Bí ẹ bá dé etí omi náà lọ́jọ́ ọdún, ẹ kò ní mọ èwo ni kí ẹ pè é, ìsìn ni àbí àríyá. Lápá kan, àwọn ìyá aláṣọ funfun kúnlẹ̀ sínú omi, wọ́n ń ki odò, wọ́n ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà. Lápá kejì, tí kò jìn ju ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé lọ, jangírọ́fà ń fò sókè sódò, àwọn ọmọ ń pariwo lórí ẹṣin onígi tí ọkùnrin méjì ń fi ọwọ́ tì yípo, onífọ́tò ti ta aṣọ tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí, onídán sì ń fa aṣọ pupa, aṣọ aró àti aṣọ ọsàn jáde lẹ́nu bí ẹni pé ìfun rẹ̀ kún fún àkísà. Àwọn apẹja á fi ọkọ̀ wọn gbé ènìyàn yí etí adágún ká. Wọ́n ń ta gúgúrú, wọ́n ń ta bàbá dúdú, wọ́n ń ta òjòjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

Gbogbo ayé ló máa ń wá. Àwọn ará ìlú Ara á wá, àwọn ará Alájùẹ́ á wá, àwọn tó ń tajà ní oríta Sẹ́kọ̀nà á palẹ̀ igbá wọn mọ́ wá síbẹ̀. Ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ onímọ̀ọ́ṣáláṣí ló jọ ń tò fún ẹṣin onígi. Bí ẹni tó ń bọ odò kò bá tilẹ̀ ju díẹ̀ lọ nínú èrò náà, kò sí ẹni tí kì í dákẹ́ bí àwọn ìyá bá gbé orin wọn. Àwọn ọkùnrin tó ń ti ẹṣin á fi ẹṣin sílẹ̀, onídán pàápàá á gbé aṣọ rẹ̀ mì.

Ohun tó jẹ́ tèmi nínú ọdún náà ni omi àìfọhùn. Obìnrin tó bá lóyún tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin tí kò tíì bàlágà ló ń lọ pọn omi fún un lówùúrọ̀ ọdún. Wọ́n á fi ìkòkò kékeré lé ọmọ náà lórí, wọ́n á fi ewé òdúndún kan há a láàárín ètè. Láti etí adágún títí dé ilé, kò gbọdọ̀ fọhùn, kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, ewé kò sì gbọdọ̀ bọ́. Kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀yìn ni yóò gbà o. Àárín èrò gan-an ni, láàárín jangírọ́fà àti onídán, àwọn èrò sì ní àṣẹ láti dán an wò. Wọ́n á bú u, wọ́n á pa á lẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ohun jíjẹ lọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní omi tí kò bá la ariwo kọjá kò lè mú ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Bí ọmọ bá fọhùn, omi ti bàjẹ́, wọ́n á dà á sílẹ̀ níbẹ̀ náà, ó di àmọ́dún.

Lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, ìyá mi lóyún lẹ́ẹ̀mejì, kò sì gbé ọmọ kankan jó. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ tó ń ká àwọn aṣọ ọmọ tuntun sínú àpótí, tó ń ká wọn, tó tún ń tú wọn ká. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oyún mìíràn ti wà, ó ti tóbi, dókítà sì ti ní kó máa dùbúlẹ̀ sílé, kó má lọ sọ́jà mọ́. Ọmọ náà kò lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Bí omi yóò bá wà fún ìyá mi, ọdún yìí ni, èmi sì nìkan ni ọmọ tó ní tó lè rù ú.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni bàbá mi. Oníṣòwò obì ni, ó ń kó o lọ sí Kánò, bó bá sì wà nílé, á máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Àlùfáà. Kì í ṣe òǹrorò rárá. Ọ̀rọ̀ ló fẹ́ràn, ó lè dúró lójú títì kí ẹnì kan nípa ìyàwó, ọmọ, ewúrẹ́ àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, títí oúnjẹ á fi tutù nílé. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ omi yìí, ó ní òun kò gbà. Kó tó lọ sí Kánò lọ́dún náà, ó bá Ìyá Àgbà sọ ọ́ ní pálọ̀ wa, mo wà lábẹ́ fèrèsé.

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ọlọ́run kan ṣoṣo ló ń fúnni lọ́mọ. Àdúà ni ká tẹra mọ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi ru omi kankan."

Ìyá Àgbà dá a lóhùn jẹ́jẹ́: "Àna mi, ta ló dá omi?"

Bàbá mi gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó lọ sí Kánò, ó ní ó di ẹ̀yìn ọdún odò kí òun tó dé. Ìyá Àgbà, tí kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń dá dúró, sì ṣe ètò tirẹ̀. Ó ní ilé òun ni n ó gbé omi náà lọ, kì í ṣe ilé bàbá mi, òun yóò sì rọ ọ́ sínú ìgò, òun yóò fi pamọ́ sábẹ́ ìborùn lọ fún ìyá mi. Ìyá mi mọ̀, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ń wo ẹnu mi ṣáá.

Ẹnu mi tó ń wò yìí, ó yẹ kó wò ó. Nílé ìwé, Rédíò ni tíṣà ń pè mí. Mo lè sọ̀rọ̀ láti ilé dé etí kànga, kí n sì máa bá a lọ padà. Àìmọye ìgbà ni ìyá mi ti sọ fún mi pé, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ìyá Àgbà wá mú mi lọ sílé rẹ̀ láti kọ́ mi. Yóò gbé omi ẹ̀rọ lé mi lórí, yóò fi ewé há mi lẹ́nu, yóò ní kí n rìn yí agboolé ká. Ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ ìṣòro mi, ìkíni ni. Bí mo bá ti rí àgbàlagbà báyìí, orúnkún á tẹ̀, ẹnu á là: "Ẹ kú àárọ̀ mà." Ewé á bọ́ sílẹ̀. Ìyá Àgbà á da omi náà síbi ẹsẹ̀ mi, á ní kí n tún lọ pọn òmíràn. Ìyá mi ló fà á, nítorí òun náà ló ti fi ẹgba kọ́ mi pé ẹni tí kò bá kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé. Nílẹ̀ wa, ẹ lè mú ọmọ dákẹ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó máa mú un dákẹ́ ìkíni, ó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ láti máa kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi lórí, kí ọrùn dúró ṣánṣán, kí n kí ènìyàn pẹ̀lú orúnkún nìkan, kí n sì tún dìde. Bí Ìyá Àgbà ṣe rí i, ó fi ẹ̀rín bojú. "Ìyẹn náà dáa," ló sọ.

Lówùúrọ̀ ọdún, ìkùukùu ṣì wà lójú adágún nígbà tí mo wọ inú omi dé orúnkún. Omi náà tutù débi pé eyín mi ń gbá ara wọn. Àwọn ìyá kọrin lé mi lórí, Ìyá Àgbà bu omi, ó gbé òṣùká lé mi lórí, ó gbé ìkòkò lé e, ó fi ewé òdúndún sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ ni kó o máa rò." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, òun sì ń tẹ̀ lé mi lókèèrè.

Àwọn èrò rí mi, inú wọn dùn. Ẹnì kan pariwo pé, "Rédíò rèé o! Wọ́n ti yọ bátìrì ẹ̀ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Onífọ́tò ní bí mo bá lè sọ orúkọ mi fún òun, òun yóò ya mí ní ọ̀fẹ́ níwájú ọkọ̀ òfuurufú. Obìnrin olójòjò gbé òjòjò gbígbóná sún mọ́ imú mi, itọ́ kún ẹnu mi, mo gbé e mì lẹ́yìn ewé. Onídán fa ẹyin adìyẹ kan jáde láti etí mi, ó ní, "Ó mà ti yé o, ẹ bá mi kí i kú ewu!" Inú mi ń rẹ́rìn-ín débi pé omi dà díẹ̀ sí mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ètè mi pa pọ̀. Mo ń wo iwájú. Àwọn aṣọ kékeré inú àpótí yẹn ni mò ń rò.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde láàárín èrò nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi.

"Àníkẹ́!"

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fa oríkì mi bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń fa garawa láti inú kànga. Gbogbo ara mi dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn lójú oorun, bó bá sì pè mí báyìí nílé, sísáré ni mo máa ń sáré lọ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀: bàbá mi dé láti Kánò, n kò lè wẹ̀yìn, n kò lè jẹ́. Ó tún pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà díẹ̀, bíi ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbàgbé. Ìyẹn dùn mí ju ebi òjòjò lọ. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi.

Ó yí wá síwájú mi. Eruku ọ̀nà wà lára jalabíà rẹ̀, báàgì wà léjìká rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí ìyá mi ni ó ṣe tètè padà. Èrò ọdún ti dí ojú títì pa, dẹ́rẹ́bà sì ti já a sílẹ̀ níbẹ̀ pé kó fẹsẹ̀ rìn délé. Ó wo ewé ẹnu mi. Ó wo ìkòkò. Ó gbé ojú sókè wo Ìyá Àgbà lẹ́yìn mi. Àwọn tó wà nítòsí mọ ohun tó ti sọ nípa omi náà, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ pálọ̀ kan tí kì í dé ìta ní Ẹdẹ, gbogbo wọn sì dúró láti wo ohun tí yóò ṣe. Bó bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò yẹn kúrò lórí mi báyìí, ọ̀rọ̀ parí.

Èmi kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo ṣe ohun tí mo kọ́: mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọrùn dúró ṣánṣán, títí orúnkún mi méjèèjì fi kan ilẹ̀ ẹrẹ̀ níwájú bàbá mi. Ewé kò bọ́. Omi dà sí mi lójú, ó pò mọ́ omijé.

Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Àlùfáà, ẹ kú àbọ̀ o." Bàbá mi, tí í kí ewúrẹ́ pàápàá, kò dáhùn. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tì í bọ àpò. Ó tẹ̀ wálẹ̀, ó di ìgúnpá mi méjèèjì mú, ó gbé mi dìde bí ẹni gbé ẹyin. Lẹ́yìn náà, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níwájú mi. Ó ń fi ọwọ́ ya èrò sọ́tùn-ún sósì fún mi, kò la ẹnu. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kí i, ọwọ́ ló ń nà sí wọn. Kò sí ẹni tó tún dán mi wò.

Nígbà tí a dé oríta ìdí ọdán, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀tún ni ilé Ìyá Àgbà, òsì ni ilé wa. Mo fẹ́ yà sọ́tùn-ún gẹ́gẹ́ bí ètò. Bàbá mi kò tilẹ̀ dúró, òsì ló yà sí. Ilé ara rẹ̀ ló ń mú omi náà lọ. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, mo sì tẹ̀ lé bàbá mi.

Ìyá mi jókòó lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí ọkọ rẹ̀ tí kò retí, ó tún rí mi lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò, ó gbá àyà mú. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sọ̀ mí. Ó bu omi náà sínú ife, ó gbé e fún ìyá mi, ìyá mi mu ún, ó sì nawọ́ yọ ewé kúrò ní ẹnu mi. Ètè mi ti kú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ni, "Ẹ kú àbọ̀, sà."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ tutù. "Ó ti pẹ́ tí o ti kí mi, Àníkẹ́," ló sọ.

Ìyá Àgbà dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Àna mi, ẹ ṣé." Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Omi náà ni, Màmá. Ọlọ́run ló dá a." Àwọn méjèèjì sì fi ẹ̀rín sí i.

Ìyá mi bí ọkùnrin kan ní wẹ́rẹ́. Bàbá mi sọ ọ́ ní Lukumáànù, Ìyá Àgbà sọ ọ́ ní Omíyalé. Títí Ìyá Àgbà fi kú ni wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó ni ọpẹ́: bàbá mi ní àdúà òun ni, Ìyá Àgbà ní omi ni, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí sì ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ìyá mi ni. Omíyalé fúnra rẹ̀, tó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ní òun nìkan lòun wá. Èmi kò dá sí i. Mo mọ ẹni tí ọrùn dùn.

Mo ti di olùkọ́ ní Ìbàdàn báyìí. Ẹnu ni mo fi ń jẹun, Rédíò ti rí iṣẹ́ tó bá a mu. Bàbá mi sì ni ohùn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kan pa apá ọ̀tún rẹ̀, nígbà tó sì fi í sílẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Ọkùnrin tí í dúró kí gbogbo àdúgbò wá ń jókòó lórí àga níwájú ilé, ó ń wo àwọn tó ń kọjá. Bí mo bá wálé, n kì í lè gba ìdákẹ́jẹ́ náà láyè. Mo máa ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Mo ń sọ ti iléèwé, ti ọkọ mi, ti owó epo, mo ń bi í ní ìbéèrè, mo tún ń bá a dáhùn. Ìyá mi a máa wò mí bó ṣe ń wò mí nígbà náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ká má purọ́. Ó dà bí ẹni pé bí mo bá dákẹ́, n ó gbọ́ pé ó ti lọ.

Lọ́jọ́ ọdún odò tó kọjá, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú ilé. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n ń lò níbẹ̀ báyìí, iná mànàmáná ló sì ń yí ẹṣin náà, àwọn èrò a máa gbé fóònù sókè ya ara wọn. Ṣùgbọ́n òórùn yẹn ò yí padà, koríko tó ń rà àti àkàrà. Mo ń sọ ọ́ fún bàbá mi lọ́wọ́, bí mo ṣe máa ń sọ gbogbo nǹkan, nígbà tó fi ọwọ́ kàn mí. Mo wo ibi tó ń wò. Ọmọbìnrin kékeré kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ìkòkò wà lórí rẹ̀, ewé wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé itan.

Mo pa ẹnu mi dé. Ọmọ náà rí àgbà, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó sì kọjá. A ń wò ó títí ó fi yà wọ agboolé kan níwájú, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì, ó sì ya mí lẹ́nu pé kò sí ohun tó sọ nù. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà kan mọ èyí. Ó mọ̀ pé bàbá òun wà níwájú òun bí kò tilẹ̀ fọhùn. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ sísọ ni mo gbàgbé.

Mo dìde lórí àga, mo yí wá síwájú rẹ̀. Orúnkún mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni mo fi kúnlẹ̀, ọrùn dúró ṣánṣán, n kò sì sọ nǹkan kan. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ òsì yẹn lé mi láàárín orí, níbi tí ìkòkò wà lọ́jọ́ náà. Ètè rẹ̀ mì, ohùn kankan kò jáde. Mo gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an: ó ti pẹ́ tí o ti kí mi, Àníkẹ́.